Mo Gbé Ara Ẹlòmíràn Wọ̀ Kí N Lè Máa Ṣọ́ Ọmọ Mi

Àbíkẹ́yìn mi ló bi wá ní ìbéèrè náà níbi tá a ti ń jẹun. Ó ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń jókòó sórí àga onítáyà nínú kọ̀ǹpútà? Ṣebí níbẹ̀, ó lè rìn."

Bàbá rẹ̀ wo ojú mi. Èmi wo inú àwo. Ẹ̀gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jẹun tán ní tirẹ̀, ó ti padà sí yàrá, ó sì ti ti ilẹ̀kùn. A ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún.

"Jẹun," ni mo sọ fún ọmọ náà.

Tí òbí bá ti ní kí ọmọ jẹun báyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èsì ló tán lẹ́nu rẹ̀.

Mi ò ní fi ìtàn gígùn dá yín dúró. Aránṣọ ni mí. Aṣọ fèrèsé là ń rán ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ń tún fìríìjì ṣe. Ọmọbìnrin méjì la bí. Àkọ́bí ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bí i ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ti í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ahọ́n rẹ̀ náà wúwo. Ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó máa ń pẹ́. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà.

Nítorí pé ó máa ń pẹ́, èmi ni mo máa ń bá a parí ọ̀rọ̀. Bí dókítà bá bi í ní nǹkan, kó tó la ẹnu, mo ti dáhùn. Bí àlejò bá kí i, mo ti bá a jẹ́ ẹ. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ògbufọ̀ ni ìyá yín. Àmọ́ ògbufọ̀ tó máa ń bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i ni."

A ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tá à ń bá sọ̀rọ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Mi ò fiyè sí i nígbà yẹn.

Ibi tó máa ń lọ nínú kọ̀ǹpútà yẹn, Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ayé kan ni wọ́n dá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn á wọlé, á yan ara tó bá wù ú bí ẹni yan aṣọ, á wá máa káàkiri, á máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Nínú ayé ńlá yẹn ni àwọn akàndá ẹ̀dá ti kọ́ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ilé fún ara wọn, tí wọ́n ti ń pàdé láti oríṣiríṣi ìlú. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ju bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ mi.

Lọ́jọ́ kan, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rẹ́... mi."

"Ọ̀rẹ́ wo?"

"Kòlòkòlò."

Orí mi wú. "Ọmọ ta ló ń jẹ́ Kòlòkòlò?"

"Ọmọ tí kò... fẹ́ kí wọ́n mọ... orúkọ òun, Màámi."

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mo sọ ọ́ fún ẹnì kejì mi tá a jọ ń rán aṣọ, ọmọbìnrin kan tá a ń pè ní Bọ́tìnnì nítorí pé ó kúrú, ó sì rí roboto. Ẹnu Bọ́tìnnì kì í sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn gbájúẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀," ló wí. "Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, ẹ lè rí i pé bàbá onírùngbọ̀n ni. Wọ́n á máa tan ọmọlọ́mọ."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ wọlé lọ wò ó fúnra yín. Ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni mo ti yẹ kí n dìde padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fún un ní fóònù mi. Kí tíì wa tó tutù, ó ti fi Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí i.

"Ó yá, ẹ yan ara," ni Bọ́tìnnì sọ.

Mo yan ọmọbìnrin kékeré kan, tẹ́ẹ́rẹ́, ọlọ́rùn gígùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà yọ ikùn yẹn kúrò pátápátá."

"Dákẹ́ jàre." Mo wá àga onítáyà nínú àwọn nǹkan tí wọ́n kó síbẹ̀, mo gbé ọmọbìnrin náà lé e lórí, kí n lè jọ wọ́n. Mo sọ ọ́ ní Labalábá. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn tó. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó gbé mi wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi ìka kan mú wọn kúrò.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn, pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, oòrùn kì í sì í kúrò níbẹ̀. Kò sí ìloro, kò sí ibi gegele kankan, àfi àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tí wọ́n nà sókè ní àárín gbùngbùn, tí kò débi kankan. Ẹnì kan tó ti ń wù láti kékeré pé kí òun gun àtẹ̀gùn ló kọ́ ọ síbẹ̀. Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń gùn ún, wọ́n ń fò sílẹ̀ láti òkè, wọ́n tún ń padà lọ tò. Mo rí ẹja tó gbé agboòrùn dání. Mo rí kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ẹsẹ̀. Ẹni tó wù láti rìn ń rìn, ẹni tó wù láti fò ń fò.

Àgbà wọn, Ìgbín, ló ń kí èèyàn káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ló fi ń kọ̀wé. Ẹ̀rọ kan ló ń wo ibi tí ojú rẹ̀ bá kọjú sí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Kó tó kọ "káàbọ̀" tán, mo rò pé fóònù mi ti bàjẹ́. Àwọn yòókù dúró dè é láìkánjú.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà pé: *Níbí, a kì í parí ọ̀rọ̀ fún ara wa.*

"Ṣé o gbà?" ni Ìgbín bi mí.

Mo ní mo gbà. Ìyẹn kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé, "Ọkọ̀ ló gbá mi." Kò sẹ́ni tó bi mí o. Wọn kì í bi ara wọn léèrè ohun tó ṣe wọ́n. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni mo pa á.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ọmọ mi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ níbẹ̀. Ẹni jẹ́ẹ́ tí mo bí, òun ló jókòó láàárín èrò yẹn, tó ń dá àpárá, tí gbogbo wọn ń fẹ̀yìn tì rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ló wà lórí àga onítáyà. Mo bi í ní ìbéèrè àbúrò rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ló dé tó ò yan ẹsẹ̀?"

Ó ń tẹ èsì. Àmì tóótòòtó mẹ́ta ń fò lókè orí rẹ̀, ó ń fò, ó ń fò. Ó wá jáde pé: "Mo ti mọ àga mi wà dáadáa. Ta ló fẹ́ máa kọ́ ìrìn ní ọjọ́ orí mi yìí? Ìwọ ńkọ́?"

Ìwọ. Ọmọ mi pè mí ní ìwọ. Kò sí ọ̀wọ̀ níbẹ̀, kò sí ìyá, kò sí ọmọ. Ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó há.

Kòlòkòlò tó ń dá ẹ̀rù bà mí, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ọ̀dọ́kùnrin tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ pákó ló máa ń sọ ṣáá. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni, á ní, "Mo wà bíi ìṣó, wọ́n ń gbá mi lórí, mo ń wọlé." Kò sí gbájúẹ̀ kankan níbẹ̀. Èmi nìkan ni gbájúẹ̀ tó wà ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohun tí mo wá wò, mo ti wò ó. Kí ni mo tún dúró ṣe?

Ọ̀rẹ́ ni mo dúró ṣe. Mo ń wọlé nígbà oúnjẹ ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nílé, mo ń ṣí omi sílẹ̀ kó máa dún. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sọ fún Labalábá ohun tí ọmọ mi kò sọ fún mi rí: pé òun kórìíra aṣọ olódòdó tí mo máa ń rà fún òun, pé òun fẹ́ràn òjò, pé ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wu òun. Mo ṣíwọ́ ríra aṣọ olódòdó. Ó sọ fún Labalábá pé, "Ìyá mi ti ń gbọ́n." Mo rẹ́rìn-ín nínú balùwẹ̀ títí ọkọ mi fi kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí nǹkan.

Ọ̀sán kan ni ó wá kọ ọ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé: "Labalábá, mo fẹ́ kó kúrò nílé."

Mo wà nídìí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mi ní ìka.

Ó ṣàlàyé. Ilé kan wà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni, kò ní àtẹ̀gùn. Òun àti ọmọbìnrin méjì tí wọ́n pàdé ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn yóò jọ máa gbé ibẹ̀. Olùtọ́jú á máa wá láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ti lọ wo ilé náà. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ní òun ń gbé e lọ rí dókítà, ibẹ̀ ni wọ́n lọ.

"Bàbá mi mọ̀," ló kọ. "Màámi kò mọ̀. Wọ́n ń retí èsì mi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò purọ́. Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?"

Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ mi ń bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ bí ó ṣe ń rí kéèyàn má lè dìde. Èmi tí mo lè sáré lé ọkọ̀ èrò bá, èmi ni mo fẹ́ dá a lóhùn.

Mo lè sọ pé ìfẹ́ ló ń tì mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n.

Mo kọ ọ́ pé: "Mo ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lóru. Mo pariwo títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sẹ́ni tó wá."

Àmì tóótòòtó mẹ́ta fò lókè orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà: "O ò sọ fún mi rí."

"Kì í rọrùn fún mi láti sọ ọ́."

"Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Pẹ̀lẹ́. Mo ń sunkún níbí."

Ó ń sunkún nítorí ìṣubú tí ẹnikẹ́ni kò ṣubú. Mo gbé fóònù sínú àpò, mo tún ń bá aṣọ fèrèsé lọ. Bọ́tìnnì bi mí pé ṣé ara mi yá. Mo ní ara mi le.

Ọmọ náà sọ fún àwọn onílé pé òun kò wá mọ́. Kíá ni wọ́n fi ẹlòmíràn sí yàrá náà. Mo mọ̀ nítorí pé ó sọ fún Labalábá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń fọ irun rẹ̀, mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Inú rẹ dùn o," ló wí.

"Ṣé kí inú mi má dùn ni?"

Ọmọ náà di ojú sínú ọṣẹ.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró nínú yàrá yẹn. Ó ń jẹun díẹ̀, ó ń ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo bá ní, "Kí ló dé?" á ní, "Kò sí... nǹkan." Ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jókòó ní ìkángun lọ́hùn-ún, kò bá wọn dá àpárá mọ́. Mo rò pé á gbàgbé. Mo ní ọmọdé ni.

Ṣùgbọ́n irọ́ mi kò jókòó síbi tí mo gbé e sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti sọ ìtàn balùwẹ̀ náà fún àwọn yòókù, nítorí àánú mi ṣe é. Ni Kòlòkòlò bá dojú kọ mí lójú gbogbo wọn.

"Labalábá, ilé wo ni? Sọ ọ́, ká lọ bá wọn jà. Wọn ò gbọ́dọ̀ tún fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

"Ó ti pẹ́," ni mo kọ.

"Pípẹ́ kọ́ là ń sọ. Ìlú wo? Mo máa gbé òòlù mi dání."

"Mo ti gbàgbé ibẹ̀."

Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Lẹ́tà kan. Lẹ́tà kan. Mo rò pé òógùn tó bò mí yóò kán sórí fóònù. Ohun tó kọ ni pé: "Èèyàn kì í gbàgbé ilé tó ti sunkún mọ́jú."

Ó yẹ kí n sá. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá, mo rò pé wọ́n á mọ̀. Mo dúró, mo ń fi irọ́ lẹ irọ́, bí ẹni ń fi aṣọ lẹ aṣọ tí òwú rẹ̀ kò bára mu.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni àṣírí tú. Ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń tú fìríìjì aládùúgbò kan palẹ̀, àbíkẹ́yìn wa ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Àkọ́bí wà ní yàrá rẹ̀. Èmi wà ní kíṣìnnì, mò ń fọ àwo. Mo gbé fóònù ti ìgò ọṣẹ, mo ń wo Ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n ń sọ ohun tí oníkálukú bẹ̀rù. Kòlòkòlò ní òun bẹ̀rù ajá, nítorí òun kì í gbọ́ kí wọ́n tó dé. Ẹja ní òun bẹ̀rù kí iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń bá òun mí bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá kọjú sí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó kọ:

"Ohun tí mo bẹ̀rù jù lọ ni"

Ìyẹn nìkan ló kọ́kọ́ jáde. Àmì tóótòòtó mẹ́ta ń fò lókè orí rẹ̀. Gbogbo wọn ń dúró. Ẹja ń dúró, kọ́bọ́ọ̀dù ń dúró, àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn dúró sójú kan. Mo ń gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń kan bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà láti yàrá kejì. Kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kọ́.

Ẹ wò ó, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá ọmọ yẹn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí èrò kankan lọ́kàn mi. Mo nu ìka kan mọ́ aṣọ mi, mo kọ ọ́ fún un:

"kó má lọ ṣubú lóru, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ."

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ah ah, Labalábá," ni Kòlòkòlò kọ.

Àmì tó wà lókè orí Ọ̀kẹ́rẹ́ pa rẹ́. Ìka inú yàrá kò dún mọ́. Lẹ́yìn náà ó kọ: "Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn."

Mo kọ ọ́ pé kó má bínú. Kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá jáde lójú fóònù mi:

"Màámi"

"Hẹn, mò ń bọ̀," ni mo dáhùn.

Ẹnu ni mo fi dáhùn. Mo dáhùn sókè, láti kíṣìnnì, bí mo ṣe ń dá a lóhùn lójoojúmọ́ ayé wa. Mo tiẹ̀ ti ń nu ọwọ́, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan, kí n tó rántí pé kò sí ohùn kankan tó jáde láti inú yàrá náà.

Omi ẹ̀rọ ń dà sórí àwo. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́ táyà àga rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo lè pa fóònù. Mi ò pa á.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó wo ojú mi. Ó wo fóònù lára ìgò ọṣẹ, níbi tí Labalábá tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó sí nínú oòrùn.

"Ẹ kú... iṣẹ́," ló wí, "Labalábá."

Ó ti padà sí ẹ̀yin. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀yin lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò dùn mí rí bíi ti ọjọ́ yẹn.

"Ọmọ mi, mo kàn fẹ́ kí—"

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n... sọ ọ́ tán."

Mo pa omi. Mo dúró. Ó pẹ́ gan-an. Mi ò ní kọ gbogbo bó ṣe ń dánu dúró síbí. Ohun tó sọ nìyí: "Ohun tí mo bẹ̀rù jù lọ ni pé lọ́jọ́ kan, mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú èrò ọkàn mi mọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bá mi sọ ọ́. Mo lọ sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè gbọ́ ara mi. Ẹ tún tẹ̀ lé mi débẹ̀."

Nígbà tí mo rò pé ó ti sọ tán, ó fi kún un pé: "Mo sunkún nítorí yín, Màámi. Balùwẹ̀ yẹn, mo sunkún nítorí rẹ̀ títí tí orí fi ń fọ́ mi."

Mo kúnlẹ̀. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ, mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Ó wo àtàrí mi, ó yí àga rẹ̀ padà, ó lọ.

Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ó bá mi níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

"Èmi náà jẹ̀bi," ló sọ nígbà tó yá. "Mo fi ọ̀rọ̀ ilé yẹn pa mọ́ fún ẹ. Àmọ́ èmi kò gbé ojú ẹlòmíràn wọ̀ lọ bá ọmọ mi."

Ì bá dára kó nà mí.

Ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, àṣẹ ló fi pa fún mi: kí n lọ sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ara mi, kí n sọ ọ́ fún wọn fúnra mi. Òun kò ní bá mi sọ ọ́.

Mo bọ́ Labalábá sọ nù. Mo yan obìnrin tó sanra díẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, tó sì wé ìborí. Mo dúró láàárín wọn. Mo kọ ọ́ pé èmi ni ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, pé ọkọ̀ kò gbá mi rí, pé mi ò gbé ilé kankan rí, pé irọ́ ni mo fi gba yàrá ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n.

Àwọn kan jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹja kọ ọ́ pé, "Mo sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ mi fún yín, mà. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi." Kòlòkòlò kò dá àpárá kankan. Ó kàn kọ, "Mo fẹ́ lọ bá wọn jà nítorí yín."

Ìgbín ló kọ̀wé kẹ́yìn. A dúró dè é. "A ò bínú títí láé, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá. Ibí yìí nìkan ni ibi tí àwọn ìyá wa kò sí."

Mo jáde. Ẹsẹ̀ obìnrin oníborí yẹn ló gbé mi jáde, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń wò mí láti orí àga rẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi tì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n bá òun di fóònù mú, òun fẹ́ pe obìnrin tó ń bójú tó ilé yẹn. Mo dì í mú sí i létí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́. Ṣé ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó lè bá yín sọ ọ́?"

Ọmọ mi gbé ojú wò mí.

Mo fi eyín mú ètè mi. Ó tún un sọ. Obìnrin náà tún ní òun kò gbọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn bò ó níwájú orí, obìnrin náà sì ní, "Àá, ẹ fẹ́ yàrá padà. Ó yé mi wàyí."

Yàrá àkọ́kọ́ ti lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Èyí ni mi ò lè tún ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé mìíràn máa ṣí láìpẹ́, ní òdìkejì ìlú, àwọn yóò sì rántí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́: kó kọ́kọ́ fi ara kọ́ bí èèyàn ṣe ń sun oorun òru láìsí ìyá. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń jí lóru lọ yí i padà lórí ibùsùn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà bó.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí. Ó ń kí mi. Ó ń jẹ́ kí n fọ irun rẹ̀. Kì í sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi, mi ò sì ní ibòmíràn tí mo ti lè gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, bí ọmọ yín bá ti ilẹ̀kùn, ẹ kàn án. Bí kò bá ṣí, ẹ jókòó síta. Ẹ má gba ojú fèrèsé wọlé pẹ̀lú aṣọ aláṣọ lọ́rùn.

Òní ni alẹ́ àkọ́kọ́. Mo jókòó ní pálọ̀, mo ń kọ èyí. Ó ní kí n gbé agogo kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òun, pé bí òun bá fẹ́ mi, òun á lù ú. Ó ní bí òun kò bá lù ú, kí n má wọlé.

Ọkọ mi ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún ní yàrá wa. Ó ti jáde wá mu omi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ pé òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ ẹ́. "Ṣé ó ti pè ọ́?" ló bi mí.

"Kò tíì pè mí."

"Sún mọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀ kó o gbọ́."

"Ìwọ lọ sùn."

Àbíkẹ́yìn náà jí, ó ní òun lá àlá ajá, mo tẹ́ ẹ sórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ó fi padà sùn. Iná ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ibùsùn dún. Ó ń gbìyànjú láti yí ara rẹ̀ padà. Ibùsùn tún dún. Mo gbọ́ tó kérora, kúkúrú, bí ẹni gbé ẹrù. Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà tutù. Ó tún kérora. Agogo kò dún.

Mo padà lọ jókòó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì há àárín orúnkún mi.

Ibùsùn dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lágbára, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó pẹ́. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Iná abẹ́ ilẹ̀kùn kú.

Bàbá rẹ̀ ti ń hanrun báyìí. Àbúrò rẹ̀ na ẹsẹ̀ lé mi lórí itan, kò mọ nǹkan kan mọ́. Láti inú yàrá lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ti sùn.